Ọ̀wẹ̀, Eré Ìje àti Ọmọ Ẹni

Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí èmi àti ẹ̀yin òǹkàwé jọ gbé yẹ̀ wò. Nígbà tí ènìyàn bá fi odidi ọjọ́ kan ṣe iṣẹ́ tí kò gba kọ́bọ̀ lé lórí, tí iṣẹ́ náà sì jẹ mọ́ eré ìje tí ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn tí ń sá a, ṣé olóore ni kí a pè é ni, àbí ti ara rẹ̀ ni ó ń ṣe? Ẹlòmíràn lè sọ pé ọ̀rọ̀ eré kò tó ohun tí àgbà ń jókòó rò. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Níbi eré ni ìwà ti máa ń hàn kedere, nítorí pé kì í ṣe ebi ni ó lé ènìyàn dé ibẹ̀, kì í sì í ṣe àṣẹ ọba.

Ní ilẹ̀ Swídìn, ní apá àríwá Yúróòpù, ìdíje kan wà tí wọn kì í sá ní pápá tàbí lójú títì. Inú igbó ni wọ́n ti ń sá a. Wọn a fún olùdíje ní àwòrán ilẹ̀ tí à ń pè ní máàpù, òun náà a sì mú kọ́ńpáàsì dání. Wọ́n á ti fi àsíá kéékèèké aláwọ̀ ọsàn àti funfun sí ìdí àpáta, sí etí odò, sí ẹ̀yìn òkìtì, káàkiri inú igbó náà. Olúkúlùkù ni yóò fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ wá wọn rí ní ẹsẹẹsẹ, ẹni tí àkókò rẹ̀ bá sì kéré jù lọ ni ó borí. Orienteering ni wọ́n ń pè é ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀gá ọmọ ogun kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ernst Killander ṣètò ìdíje ńlá kan ní ẹ̀bá Stockholm ní 1919, láti ìgbà náà ni eré náà sì ti di ohun tí tọmọdé tàgbà ń ṣe níbẹ̀.

Ohun tí ó mú mi ronú lórí eré yìí kì í ṣe eré sísá fúnra rẹ̀, bí kò ṣe ètò tí ó yí i ká. Ọlọ́jọ́ márùn-ún ni ìdíje tí wọ́n ń pè ní O-Ringen ní Swídìn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1965 pẹ̀lú àwọn olùdíje tí kò tó 200. Nígbà tí ó fi máa di 1985, àwọn tí ń sá a ti ju 20,000 lọ. Ìdílé lódidi ni ó ń lọ síbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, arúgbó tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún náà ní tirẹ̀. Níbi irú ìdíje bẹ́ẹ̀, bí bàbá àti ìyá bá ní ọmọ ọwọ́, wọ́n lè gba àkókò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹnìkan máa gbé ọmọ nígbà tí ẹnìkejì bá wà nínú igbó. Ní ti àwọn ọmọdé tí kò tíì lè ka máàpù, okùn ni wọ́n máa ń ta láàrin igi fún wọn, wọn a máa tọ okùn náà lọ títí wọn yóò fi yọ síta.

Ta ni ó ta okùn náà? Ta ni ó ti lọ ka gbogbo àpáta àti gbogbo ipa ọ̀nà igbó náà ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù ṣáájú, kí máàpù tó lè péye? Ta ni ó gbé omi dúró sí oríta? Nígbà tí olùdíje ìkẹyìn bá ti délé, ta ni yóò padà wọ igbó lọ kó àwọn àsíá wọ̀nyẹn jọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan? Àwọn tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ òbí, ẹ̀gbọ́n, tàbí àwọn tí àwọn fúnra wọn sá a lánàá tí wọ́n sì fi òní sin ẹlòmíràn. Bí wọn kò bá sí, kò sí eré.

Eré yìí kì í ṣe èyí tí ilẹ̀ wa mọ̀ bí ẹni mọ owó. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Ẹ jẹ́ kí a mú agbègbè Ìrẹsà wò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Súrùlérè, nítòsí Ògbómọ̀ṣọ́. Ìlú àtayébáyé ni Ìrẹsà. Kò sí ẹni tí ó mọ ìtàn Ọ̀yọ́ Ilé tí kò gbọ́ orúkọ Arẹsà pẹ̀lú ti Olúgbọ́n àti ti Oníkòyí. Lónìí, Ìrẹsà-Adú àti Ìrẹsà-Apá ṣì wà níbẹ̀, ilẹ̀ ọ̀dàn sì ni ilẹ̀ wọn, ilẹ̀ iṣu, àgbàdo àti pákí, níbi tí àgbẹ̀ àti ọdẹ ti ń rin ipa ọ̀nà tí kò sí nínú máàpù kankan. Nílẹ̀ Yorùbá, bí àwọn ènìyàn bá jọ ń lọ sí oko tàbí sí ìgbẹ́, tí àwọn kan sì rẹ̀yìn, ẹni tí ó wà níwájú a já ewé sí oríta láti fi dí ọ̀nà tí kì í ṣe tiwọn. Ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn a wo ewé, a sì mọ ibi tí yóò yà sí. Ẹni tí ó já ewé kò dúró gba ọpẹ́. Ó lè máà mọ gbogbo ẹni tí ewé rẹ̀ yóò tọ́ sọ́nà pàápàá. Bí mo ti rí i, ìwà kan náà ni ó mú òṣìṣẹ́ ọ̀fẹ́ Swídìn lọ fi àsíá sí ìdí àpáta.

Àwọn baba wa kò fi gbogbo iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe sí abẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Wọ́n ya àáró sọ́tọ̀, wọ́n ya ọ̀wẹ̀ sọ́tọ̀, Fádípẹ̀ náà sì sọ̀rọ̀ nípa méjèèjì nínú iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ tí ó parí ní 1939, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Ìbàdàn ní 1970. Àáró ni kí àgbẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà pa ara wọn pọ̀, kí wọ́n kọ ebè ní oko ẹnìkan lónìí, kí wọ́n kọ ti ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi kárí. Gbèsè ni àáró: ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ tí kò san án, wọn kò ní bá a dá a mọ́. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tí ó fẹ́ bo ilé tàbí tí ó fẹ́ kórè a bẹ ẹbí, ará àti ọ̀rẹ́. Wọn a wá, òun a sì fi oúnjẹ àti ẹmu ṣe wọ́n lálejò. Ọ̀wẹ̀ mìíràn sì tún wà tí ọkọ ìyàwó ń kó ọ̀rẹ́ lọ ṣe fún àna. Ọ̀wẹ̀ ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni ó jẹ́ kọ̀ ọ́?

Àwọn ará àríwá Yúróòpù náà ní irú ọ̀rọ̀ yìí. Talkoot ni ó ń jẹ́ ní Fínlándì, níbi tí ẹni tí ó pe iṣẹ́ ti ń bọ́ àwọn tí ó wá ṣe é. Dugnad ni ó ń jẹ́ ní Nọ́wè, wọ́n sì dìbò yàn án ní 2004 pé òun ni ọ̀rọ̀ tí ó ṣàpèjúwe orílẹ̀-èdè wọn jù lọ. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún wa pé Òyìnbó kò mọ̀ ju owó lọ, tàbí pé ìfọwọ́sowọ́pọ̀ jẹ́ ogún tí Ọlọ́run fún àwa Adúláwọ̀ nìkan.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí ìbéèrè wa. Ọjọ́ eré ìdárayá tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa ń pè ní ìntà-háòsì ni ó sún mọ́ ìdíje Swídìn jù lọ. Òbí a wá, ìyá a gbé omi àti oúnjẹ wá, àwọn Síkááòtù a tò, olùkọ́ a di aago mú, àwọn òbí pàápàá a sì sá eré tiwọn. Bí ìyá kan bá gbé korobá omi wá nítorí ọmọ rẹ̀, n kò lè pe ìyẹn ní oore; ojúṣe abiyamọ ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ tirẹ̀ bá ti mu tán, tí ìyá náà sì dúró nínú oòrùn, tí ó ń bu omi fún ọmọ tí kò mọ orúkọ rẹ̀, ohun mìíràn ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ni ó mú un wá, àmọ́ kì í ṣe ọmọ rẹ̀ ni ó dá a dúró. Mo gbà pé ibi tí ojúṣe parí sí tí oore sì ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. A kò gbọdọ̀ bú ènìyàn pé ìfẹ́ ọmọ ni ó kọ́kọ́ mú un jáde nílé. Ẹnu ọ̀nà ni ìfẹ́ ọmọ jẹ́, ó di ọwọ́ ẹni náà bóyá yóò gba ibẹ̀ kọjá tàbí yóò dúró sójú ẹnu ọ̀nà.

Ewu ńlá sì wà ní ẹnu ọ̀nà yẹn. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Mo ti gbọ́ òwe yìí lẹ́nu àwọn tí ń wá iṣẹ́ fún ọmọ wọn ní ọ́fíìsì ìjọba, àti lẹ́nu àwọn tí ń pín ohun tí kì í ṣe tiwọn. Òtítọ́ ni òwe náà nínú ilé, níbi tí ẹni tí ó ra ìlẹ̀kẹ̀ ni ó ni ín. Ṣùgbọ́n bí bàbá kan bá dúró sí òpin ìlà, tí aago wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ sì ń sáré bọ̀, ìlẹ̀kẹ̀ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà kì í ṣe tirẹ̀. Ti gbogbo ọmọ ni. Àwọn tí ń ṣe eré inú igbó yìí mọ ewu náà, wọ́n sì ti ṣe òfin sí i: ibi tí wọn yóò ti sáré di èèwọ̀ fún àwọn olùdíje kí ọjọ́ tó pé, ẹni tí ó bá sì mọ ibi tí àsíá wà kò gbọdọ̀ bá wọn díje níbẹ̀. Òfin yìí kò sọ pé kí òbí má fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Ohun tí ó sọ ni pé kí a má fi ẹnikẹ́ni sí ipò tí ìfẹ́ rẹ̀ yóò ti bá òtítọ́ rẹ̀ jà.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù, òun ni ti ipá. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n pè ní iṣẹ́ ìlú kì í ṣe ọ̀wẹ̀ rárá. Nígbà tí àwọn ará Ìsẹ́yìn àti Òkèhò dìde ní 1916, iṣẹ́ àfipáṣe wà lára ohun tí ó ń dùn wọ́n. Nígbà tí àjọ àgbáyé tí ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ṣe òfin ní 1930 láti fi òpin sí iṣẹ́ àfipáṣe, èyí tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 1960, wọ́n yọ àwọn iṣẹ́ kéékèèké tí ará ìlú ń ṣe fún ire ìlú ara wọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi kún un pé àwọn ará ìlú tàbí aṣojú wọn gbọ́dọ̀ ní ẹ̀tọ́ kí a fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ wọ́n. Gbólóhùn yìí wú mi lórí, nítorí pé òun ni ó ya ọ̀wẹ̀ kúrò lára ìmúnisìn. Àwọn àgùnbánirọ̀ wa ńkọ́, tí òfin ológun dá ètò wọn sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún 1973? Dandan ni fún wọn. Síbẹ̀, mo mọ̀ pé nínú wọn ni a ti rí ẹni tí ó kọ́ ọmọ olọ́mọ lẹ́yìn àkókò iṣẹ́. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tí ó fi tọmọ jẹ́ ẹ ni ó ni ọlá, kì í ṣe ẹni tí ó rán an níṣẹ́ ẹrú.

Ẹnìkan yóò sọ pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí a kúkú máa san owó fún gbogbo ènìyàn kí ọ̀rọ̀ parí. Richard Titmuss, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìwé kan ní 1970 lórí ẹ̀jẹ̀ tí a ń fà fún aláìsàn, ó sì jiyàn níbẹ̀ pé ríra ẹ̀jẹ̀ ń ba ìfẹ́ àtifún-ni jẹ́, kò sì mú ẹ̀jẹ̀ náà dára sí i. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ dé àyè kan. Ṣùgbọ́n ará Swídìn tí ó fi ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ dúró nínú igbó mọ̀ pé owó oṣù òun yóò wọlé. Àgbẹ̀ Ìrẹsà tí ó fi oko sílẹ̀ lójúmọ́ òjò àkọ́rọ̀ ti fi nǹkan kan sílẹ̀ tí kò ní padà wá. Ìdí nìyí tí ọ̀wẹ̀ fi ń gba oúnjẹ. Oúnjẹ ọ̀wẹ̀ kì í ṣe owó ọ̀yà, nítorí pé kò sí ẹni tí ń wọn iye ebè mọ́ iye òkèlè. Ohun tí ó ń sọ ni pé ẹni tí ó pe iṣẹ́ mọ̀ pé ara ni wọ́n fi ṣe é. Ìlú tí ó bá ń pe ọ̀dọ́ síṣẹ́ láti àárọ̀ títí di alẹ́ láìfún wọn ní omi, tí àwọn olóyè sì jókòó lábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ń jẹ ẹran, ìlú náà kò pe ọ̀wẹ̀. Kí ó má ṣe yà á lẹ́nu bí àwọn ọ̀dọ́ bá béèrè owó nígbà mìíràn.

Ìdáhùn mi sí ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ni pé òbí tí ó ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ níbi eré ọmọ rẹ̀ lè jẹ́ olóore, bí nǹkan mẹ́rin bá pé: kí a ti bi í kí ó tó wá, kí a bọ́ ọ, kí ohun tí ó gbé wá kọjá orí ọmọ rẹ̀, kí a má sì fi ṣe onídàájọ́ ọmọ tirẹ̀. Kò sí èyí tí ó ju agbára ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìrẹsà tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí a bá sì lè ṣe é fún eré ọmọdé, mo rò pé a óò lè máa bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń di aago mú ní àwọn ibi tí ó tóbi ju pápá ilé-ẹ̀kọ́ lọ.