Iyì Àlejò àti Ààbò Òṣìṣẹ́: Èwo Ni Ó Yẹ Kí Ó Ṣíwájú?

Àwa Yorùbá mọ iyì àlejò. Bí àlejò bá wọlé, a ó fún un ní omi, a ó bi í léèrè àlàáfíà ilé, a ó sì wá ibi tí yóò sùn fún un. Ilé ìtura òde òní ti sọ ìwà ọmọlúàbí yìí di òwò: àlejò ń san owó, a sì ń kọ́ òṣìṣẹ́ pé oníbàárà ni ọba. Ǹjẹ́ níbo ni agbára ọba yìí parí sí, bí ó bá kan ẹni tí ń tún yàrá rẹ̀ ṣe?

Ẹ jẹ́ kí á wo bí iṣẹ́ náà ti rí. Obìnrin ni ó pọ̀ jù nídìí rẹ̀. Òun nìkan ni yóò wọ yàrá àlejò lọ tún ibùsùn ṣe, tí yóò sì fọ ilé ìwẹ̀. Bí ó bá yọ̀ ṣubú, tàbí bí àlejò bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ó lè kígbe kí ẹnikẹ́ni má gbọ́.

Àwọn kan yóò ní kí òṣìṣẹ́ máa ṣọ́ra. Òtítọ́ ni, ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn yìí nìkan kò tó. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ ni à ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ìbẹ̀rù ọ̀gá, kí iṣẹ́ má baà bọ́, ni ó ń mú òṣìṣẹ́ wọ yàrá tí ọkàn rẹ̀ kọ̀. Òun náà ni ó ń pa á lẹ́nu mọ́ bí àlejò bá fi ọwọ́ kàn án. Nítorí náà, ẹni tí a ń bẹ̀rù ni ó ni ẹrù náà. Ẹni tí ó rán ènìyàn wọ yàrá ni kí ó mọ bí yóò ti jáde ní àlàáfíà.

Ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà fi èyí ṣe òfin ní 2017. Òfin náà ní kí ilé ìtura fún òṣìṣẹ́ tí ń dá ṣiṣẹ́ nínú yàrá àlejò ní bọ́tìnì kan tí yóò tẹ̀ bí ewu bá dé, kí ìrànlọ́wọ́ lè tètè dé bá a. Ó fún un láyè láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ó jáde kúrò nínú ewu, ó sì kọ̀ fún ọ̀gá láti fìyà jẹ ẹ́ nítorí pé ó fi ẹjọ́ sùn.

Bí ẹnìkan bá wí pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ yóò tàbùkù àlejò, èsì wà. Bọ́tìnì kì í dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ènìyàn ni ó ń pè. Àlejò rere kò pàdánù ohunkóhun. Bí owó kò bá sì tó ra ẹ̀rọ, kí òṣìṣẹ́ méjì máa ṣiṣẹ́ pọ̀, kí ilẹ̀kùn máa wà ní ṣíṣí, kí ẹnìkan sì máa bẹ̀ wọ́n wò.

Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé 190 lórí ìwà ipá níbi iṣẹ́ ní 2022. Ìwé nìkan kò lè dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ó di olórí lọ́la, ẹ rántí pé yàrá ni àlejò san owó rẹ̀. Kò ra ẹni tí ń tún un ṣe.