Wọ́n Ń Fi Ìjáyà Tajà

Ní oṣù kẹrin ọdún 2017, bí eré ìje Boston Marathon ṣe parí ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ Adidas fi ímeèlì ránṣẹ́ sáwọn tó sá a. Àkòrí rẹ̀ ń kí wọn kú oríire pé ẹ̀mí wọn la eré náà já. Ó jọ pé kìlómítà 42 tó ń tán èèyàn lókun ni ẹni tó kọ ọ́ fẹ́ fi ṣàwàdà. Ṣùgbọ́n nítòsí òpin eré yẹn gan-an ni bọ́ǹbù ti bú lọ́dún 2013, tó pa èèyàn mẹ́ta, tó sì sọ àwọn mìíràn di aláìlẹ́sẹ̀. Adidas tètè tọrọ àforíjì. Nílé-iṣẹ́ tó tó bẹ́ẹ̀, ó ṣòro kí n gbà pé ẹnì kan ṣoṣo ló rí ímeèlì náà kó tó jáde.

Mo ní àbúrò kan ní Onírèké nílùú Ìbàdàn, nínú ọ̀kan lára àwọn ilé àtijọ́ tó ti di ọ́fíìsì. Ímeèlì ìpolówó ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó fi èyí tó kọ gbẹ̀yìn hàn mí. “Ó dùn wá gan-an láti fi tó yín létí…” ló wà lókè, bí ìgbà tí wọ́n bá ń túfọ̀. Mo ṣí i. Bàtà ni! Ẹ̀dínwó orí rẹ̀ yóò parí lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, tí àyà wọn ò bá já, wọn ò ní ṣí i.”

Òótọ́ ló sọ, wọ́n máa ń ṣí i. Ẹni tí ìyá rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì nílé ìwòsàn UCH, tí kì í gbé fóònù sílẹ̀ tọ̀sán-tòru, á tètè ṣí i ju ẹnikẹ́ni lọ. Kọ̀ǹpútà á kà á mọ́ àwọn tó fẹ́ràn bàtà. Èpè tó ṣẹ́ lẹ́yìn náà kò sí nínú ìṣirò.

Kì í ṣe pé àwa kò mọ àsọdùn nínú ìpolówó. Ẹ dé ọjà Alẹ́ṣinlóyè, ẹ óò rí ẹni tó ń búra pé aṣọ òun kò ní ṣá láéláé, àti ọmọkùnrin tó ń pe ìyá arúgbó ní ìyàwó òun kó lè ta bẹ́líìtì. Ẹ̀rín la fi ń gbà á. Ṣùgbọ́n ojú èèyàn ni ọlọ́jà ń wò bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Bó bá rí aṣọ ọ̀fọ̀ lọ́rùn ẹni tó ń bọ̀, á gbé àwàdà jù sílẹ̀, á kí i kú ará fẹ́ra kù. Ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà kò rí ojú ẹnikẹ́ni. Àfi kí ìwà tirẹ̀ fúnra rẹ̀ dá a lẹ́kun.

Ní Ọjọ́ Àjíǹde ọdún 2022, báǹkì Sterling fi wíwú búrẹ́dì Agége wé àjíǹde Jésù nínú ìpolówó kan. Inú bí CAN, ẹgbẹ́ àwọn Kristẹni. APCON, tó ń bójú tó ìpolówó nígbà náà, ní wọn ò gbé e wá fún àyẹ̀wò. Ọ̀gá àgbà báǹkì náà, Abubakar Suleiman, tọrọ àforíjì. Ẹ̀fẹ̀ ẹ̀sìn kì í ṣe tuntun láàárín wa. Mùsùlùmí àti Kristẹni inú agbo ilé kan náà ń fira wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn yẹn jọ ń jẹun ni. Báǹkì ń wá oníbàárà.

Lálẹ́ ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 2024, ohun abúgbàù tí ìjọba ní àwọn awakùsà aláìgbàṣẹ kó pamọ́ bú ní Bódìjà, nílùú Ìbàdàn. Èèyàn kú, ilé wó. Láti ìgbà náà, ara mi kì í gba ìpolówó tó bá ní ẹ̀dínwó òun “bú gbàmù”. Ẹni tó kọ ọ́ láti Èkó lè sọ pé òun ò rántí. Ará Ìbàdàn ńkọ́?

Mo bi àbúrò mi bóyá ó fi ímeèlì “Ó dùn wá” yẹn ránṣẹ́ sí màmá rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ wọ́n lẹ́nu, òun ti yọ orúkọ wọn kúrò tipẹ́.