Gbà-Má-Bìínú Lórí Ọmọ: Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí Òbí Béèrè Rẹ̀ Lọ́wọ́ Ilé-Ìwé?

Bí ìjàm̀bá bá ṣe ọmọ ní ilé-ìwé, bí ó bá jábọ́ láti orí àtẹ̀gùn tí kò ní ohun ìdìmú, tàbí tí ògiri tí ó ti là láti ọjọ́ pípẹ́ wó lé e lẹ́sẹ̀, ohun tí àwọn aládùúgbò, àwọn mọ̀lẹ́bí àti àwọn àgbà ìjọ máa ń kọ́kọ́ sọ fún òbí rẹ̀ ni pé kí ó dúpẹ́, nítorí ikú tí ì bá pani, bí ó bá ṣí ni ní fìlà, ọpẹ́ ni à ń dú. Bí ó bá sì ṣe pé ọmọ náà kú, wọn a ní omi ni ó dànù, agbè kò fọ́, kí Ọlọ́run bá a dá èyí tí ó kù sí. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni, ó sì dára ní àyè tirẹ̀, nítorí pé Yorùbá kì í fi ọlọ́fọ̀ sílẹ̀ ní òun nìkan. Ṣùgbọ́n bí òbí náà bá la ẹnu pé òun fẹ́ kí ilé-ìwé san owó ìtọ́jú ọmọ òun, kí wọ́n sì san owó gbà-má-bìínú, ojú tí wọ́n fi ń wò ó a yí padà: àwọn kan a ní ó ń bá Ọlọ́run ṣe ẹjọ́, àwọn mìíràn a ní ó fẹ́ ta ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀ jẹ. Ẹ̀sùn ńlá ni ẹ̀sùn méjèèjì yìí, ó sì yẹ kí ẹni tí ó bẹ̀rù Ọlọ́run yẹ̀ wọ́n wò tinú-tẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ti àyànmọ́. Kò sí ọmọ káàárọ̀-o-ò-jíire tí kò gbọ́ rí pé àkúnlẹ̀yàn òun ni àdáyébá, kò sì sí onígbàgbọ́, ìbáà ṣe Mùsùlùmí tàbí Kìrìsítẹ́nì, tí yóò jiyàn pé Elédùmarè, Ọba Arínúróde, Olùmọ̀ràn ọkàn, ni ó ni ẹ̀mí gbogbo. Síbẹ̀, àwọn àgbà tí wọ́n fi ìmọ̀ yìí lé wa lọ́wọ́ náà ni wọ́n kọ́ wa pé ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ànábì náà ni a sì ròyìn pé ó sọ fún ẹni tí ó fẹ́ fi ràkúnmí rẹ̀ sílẹ̀ láìso pé kí ó so ó ná, kí ó tó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run. Bí ó bá ṣe pé àyànmọ́ ni ìdáhùn sí ohun gbogbo, kí ni a fi ń ti ilẹ̀kùn lálẹ́, kí sì ni a fi ń fi ìyà jẹ olè? Ní ọjọ́ 13 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2019, ilé alájà kan tí ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi àti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà ní òkè rẹ̀ wó lulẹ̀ ní Ìta Fájì ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ní òwúrọ̀ nígbà tí àwọn ọmọ wà nínú kíláàsì, ogún ènìyàn sì bá a lọ, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ kékeré. Lẹ́yìn tí ó wó tán ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sọ pé wọ́n ti fi àmì wíwó sára ilé náà ṣáájú. Ẹni tí ó bá wá dúró níwájú irú òkìtì bẹ́ẹ̀ tí ó sọ pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni, irọ́ ni ó pa mọ́ Ọlọ́run, ó sì fi orúkọ Ẹni Mímọ́ bo àṣìṣe ènìyàn mọ́lẹ̀.

Àwọn Ìwé Mímọ́ pàápàá kò fi ọ̀ràn yìí sílẹ̀ ní kọ́lọ́fín. Nínú orí kọkànlélógún ìwé Ẹ́kísódù, òfin Mósè ya màlúù méjì sọ́tọ̀: èyí tí kò kan ènìyàn rí, tí ó wá kan ẹnìkan pa, ọrùn olówó rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n èyí tí ó ti ń kàn tẹ́lẹ̀, tí a ti kìlọ̀ fún olówó rẹ̀, tí kò sì sé e mọ́, ẹ̀jẹ̀ wà lọ́rùn olówó rẹ̀. Orí kan náà ni ó ní kí ẹni tí ó lu ọmọnìkejì rẹ̀ ní ìjà san owó àkókò tí ó fi dùbúlẹ̀, kí ó sì wò ó sàn pátápátá; ìwé Diutarónómì sì pàṣẹ fún ẹni tí ó bá kọ́ ilé titun pé kí ó mọ ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà ti ibẹ̀ ṣubú kí ẹ̀jẹ̀ sì wá sórí ilé náà. Al-Kùránì Alápọ̀n-ọ́nlé, nínú Súrà An-Nisá, ẹsẹ 92, sọ nípa ẹni tí ó ṣèèṣì pa onígbàgbọ́, pé yàtọ̀ sí ẹrú tí yóò dá sílẹ̀, yóò san díyà, ìyẹn owó ẹ̀jẹ̀, fún àwọn ẹbí òkú, àyàfi bí àwọn fúnra wọn bá fi í ṣe sàráà. Ìlànà tí ó wà nínú òfin màlúù yẹn kò sì ṣòroó rí: ohun tí kò sí ẹni tí ó lè rí i ṣáájú, ti Ọlọ́run ni, ohun tí a kìlọ̀ rẹ̀ tí a kò kọbi ara sí, tiwa ni.

Ẹ̀sùn kejì ni ti ẹni tí ń ta ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀. Ta ni yóò díyelé ọmọ, ọmọ tí í ṣe iyùn, tí í ṣe sẹ̀gi, tí í ṣe ọlá tí ń bá ni dé ojú oorì? Kò sí owó náà lábẹ́ ọ̀run. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá yóò nílò dókítà lónìí, yóò nílò ọ̀pá tí yóò máa gùn bí ó ti ń ga sí i lọ́dọọdún, yóò sì nílò ẹni tí yóò kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ tí ó ti pàdánù lórí ibùsùn. Gbèsè sì ni ìwọ̀nyí jẹ́ lọ́rùn ẹni tí àìbìkítà rẹ̀ fà á. Ohun tí ó ń sọ owó yìí di ìtìjú ni kí òbí gbà á, kí ó fi kọ́ ilé tàbí fi ṣe ìnáwó, kí ọmọ sì máa tiro kiri. Wọ́n máa ń wí pé ẹni tí a fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀. Lórí ọ̀ràn yìí, òun nìkan ni ó yẹ kí ó jẹ níbẹ̀. Ọmọ ni ó ni owó náà, òbí sì jẹ́ olùtọ́jú rẹ̀ nìkan, tí yóò jíhìn níwájú Ọlọ́run.

Kí sì ni ó dé tí ó fi jẹ́ pé ilé-ìwé ni a ń bi léèrè? Láti ọjọ́ 17 oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1955, tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀, ni ọmọ tálákà àti ọmọ ọlọ́rọ̀ ilẹ̀ wa ti ń jọ jí lọ sí ilé-ìwé. Òfin ẹ̀kọ́ kárí-ayé ti ọdún 2004 sì sọ ọ́ di ọ̀ranyàn, débi pé òbí tí kò bá rán ọmọ rẹ̀ lọ lè jìyà. Ẹni tí a fi agbára òfin gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán ní ẹ̀tọ́ láti béèrè bí a ti ṣe tọ́jú rẹ̀. Ní ọdún 1893, nínú ẹjọ́ kan lórí ìgò fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀, tí ó sì jó ọmọkùnrin kan, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá a pé irú ìtọ́jú tí baba tí ó ní àkíyèsí ń ṣe fún ọmọ rẹ̀ ni olùkọ́ gbọ́dọ̀ ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn baba ńlá wa kò nílò adájọ́ kankan kí wọ́n tó mọ èyí: àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́.

Àtakò kan wà tí n kò lè fojú kéré, nítorí pé inú ọkàn rere ni ó ti ń wá. Àwọn kan yóò wí pé Olúwa ní kí a yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì, pé Pọ́ọ̀lù bá àwọn ará Kọ́ríńtì wí nítorí pé onígbàgbọ́ ń pe onígbàgbọ́ lẹ́jọ́, pé púpọ̀ nínú ilé-ìwé wa sì jẹ́ ti ìjọ tàbí ti ìjọba tí kò lówó lọ́wọ́, àti pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ṣe ọ̀rẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ tèmi ni a ní kí n yí, kì í ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ mi. Mo lè dárí ohun tí a ṣe sí mi jì. N kò ní àṣẹ láti fi ẹsẹ̀ tí ọmọ mi yóò fi rìn ní ogójì ọdún sí i ta àwọn ènìyàn lọ́rẹ kí wọ́n lè pè mí ní ẹni jẹ́jẹ́. Pọ́ọ̀lù kan náà béèrè bóyá kò sí ọlọ́gbọ́n kan ṣoṣo láàrin wọn tí ó lè ṣe ìdájọ́ láàrin arákùnrin, èyí tí ó fi hàn pé kì í ṣe ìdájọ́ ni ó kọ̀. Àwọn ará Jámánì tilẹ̀ rí ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò fi ní bá olùkọ́ jà: láti ọdún 1971 ni òfin wọn ti kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sínú ètò adójútòfò ìjàm̀bá, tí a fi ń tọ́jú ọmọ tí ó farapa láìkọ́kọ́ wádìí ẹni tí ó jẹ̀bi.

Ìdájọ́ tèmi nìyí. Ọmọ tí ó ń sáré lórí pápá tí ó ṣubú, tí olùkọ́ wà nítòsí, tí ilẹ̀ náà sì tẹ́jú, kí òbí rẹ̀ gbé e lọ sílé kí ó má sì bá ẹnikẹ́ni jà, nítorí pé ilé-ìwé tí ó bá ń bẹ̀rù ẹjọ́ lójoojúmọ́ yóò de àwọn ọmọ mọ́lẹ̀ bí ẹrú. Ṣùgbọ́n níbi tí ìkìlọ̀ ti ṣáájú ìjàm̀bá, kí òbí béèrè, kí ó sì béèrè létòlétò: kí ó kọ́kọ́ béèrè òtítọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn náà ìtọ́jú ọmọ, lẹ́yìn náà àtúnṣe kí ọmọ ẹlòmíràn má baà bọ́ sínú ọ̀fìn kan náà, kí owó sì wá kẹ́yìn. Kí ó mú un lọ síwájú àwọn àgbà àti ìgbìmọ̀ òbí àti olùkọ́ ná. Bí wọ́n bá di etí wọn, kí ó má tijú láti lọ sí kóòtù.

Ẹ̀yin olùdarí ilé-ìwé, pàápàá jùlọ ẹ̀yin tí ẹ fi orúkọ Ọlọ́run sí ara pátákó yín, ẹ má dúró títí òbí yóò fi gba agbẹjọ́rò. Kò sí ẹni tí ó pe Sákéù, agbowó-òde inú Bíbélì, lẹ́jọ́ kí ó tó dìde dúró, tí ó ní òun yóò san ohun tí òun bá fi èrú gbà padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ tún ògiri yín mọ, ẹ ra adójútòfò fún àwọn ọmọ, ẹ sì san gbèsè yín kí ẹnikẹ́ni tó béèrè rẹ̀.