Ìwé Tó Pòórá Lóru

Ṣàgámù, ìlú obì ni. Àwa ará àdúgbò Mákun níbẹ̀ kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣà á. Ẹni tó bá ti bá àwọn ìyá wa lọ sọ́jà láàárọ̀ á ti rí i pé wọn kì í wo obì tó wà lókè apẹ̀rẹ̀. Ìyá á ká ewé sẹ́yìn, á ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ pátápátá, á yọ méjì mẹ́ta, á máa yí i lójú oòrùn, á máa wá ihò kékeré tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Bó bá rí ọ̀kan péré, owó apẹ̀rẹ̀ náà á já wálẹ̀, tàbí kí ìyá bá tirẹ̀ lọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló mú mi rántí bí wọ́n ṣe ń wo obì yìí. Iṣẹ́ dókítà ló ń kọ́ níbí ní Ṣàgámù. Ìbátan wa kan tó ń bọ̀ láti London ló ṣèlérí ẹ̀rọ ìkàwé fún un, ọ̀kan ṣoṣo. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí kò síná, ọmọ yìí gbé fóònù bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwòrán méjì ló ń fi hàn mí, Kindle àti Kobo.

"Bọ̀dá, ẹ bá mi mú ọ̀kan."

Ó ti ṣe ìwádìí o. Ó mọ èyí tó fúyẹ́ jù, èyí tómi ò lè wọ̀, èyí tí cháàjì rẹ̀ ń pẹ́. Mo ní ti cháàjì kò lè yà wọ́n, nítorí ọgbọ́n kan náà ló wà lójú àwọn méjèèjì. Ẹyin tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí ló kún ojú ẹ̀rọ náà. Àtíkè dúdú àti funfun wà nínú ẹyin kọ̀ọ̀kan, iná ló sì ń ti dúdú tàbí funfun wá sókè. Bó bá ti dé ibi tó ń lọ, kò tún nílò iná mọ́ àfìgbà téèyàn bá ṣí ojú ewé mìíràn. Ìdí nìyẹn tí cháàjì ẹ̀ẹ̀kan fi lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Fún wa tí iná ń ṣe bó ṣe wù ú, ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré.

"Ó dáa, èwo ni ká mú?"

Mo ní kó jókòó, kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2009 fún un.

Ní oṣù keje ọdún náà, ní Amẹ́ríkà, àwọn èèyàn tan Kindle wọn, wọn ò sì rí ìwé tí wọ́n fowó ara wọn rà. Olè kò wọlé, ẹ̀rọ kò bàjẹ́. Amazon tó tà á fún wọn ló nawọ́ láti òkèèrè, tó yọ ìwé méjì tí George Orwell kọ kúrò nínú ẹ̀rọ oníkálukú: Animal Farm àti 1984. Ẹni tó gbé ìwé náà sọ́jà Amazon kò ní ẹ̀tọ́ láti tà á ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé etí Amazon, ọwọ́ oníbàárà ló ti gba ọjà padà. Ẹni tó bá ti ka 1984 á mọ ìdí tí ayé fi bú sẹ́rìn-ín: ìwé nípa ìjọba tó ń pa àkọsílẹ̀ rẹ́ ni.

Ọmọ ọdún 17 kan ní ìpínlẹ̀ Michigan kò rí ẹ̀rín rín ní tirẹ̀. Iṣẹ́ ilé ìwé ló ń fi ìwé náà ṣe, bó sì ti ń kà á ló ń kọ àlàyé tirẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Ìwé lọ, àlàyé ṣẹ́ kù. Ó wá dà bí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé "rántí ìlà yìí o", tí kò sì sí ìlà kankan níbẹ̀ mọ́. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́. Jeff Bezos, ọ̀gá Amazon nígbà náà, tọrọ àforíjì, ó ní ìwà òmùgọ̀ làwọn hù. Ilé iṣẹ́ náà san 150,000 dọ́là fún àwọn agbẹjọ́rò ọmọ náà kí ọ̀rọ̀ tó tán.

"Ṣebí wọ́n dá owó ìwé padà, Bọ̀dá?"

"Tí mo bá gba ìwé rẹ lálẹ́ tí ìdánwò ku ọ̀la, tí mo ka owó rẹ̀ pé pérépéré sí ọ lọ́wọ́, ṣé o ti yege nìyẹn?"

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó gbé fóònù sílẹ̀.

Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì náà ló ń gbé. Lọ́dún 2019, Microsoft ti ilé ìtàwé orí ẹ̀rọ rẹ̀ pa. Ó dá gbogbo owó padà, ìwé tí wọ́n sì ti rà kò ṣí mọ́. Nílé wa níbí, OkadaBooks, ilé ìtàwé orí ẹ̀rọ tí Okechukwu Ofili dá sílẹ̀ lọ́dún 2013 kógbá sílé ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2023. Wọ́n ní ìṣòro náà kọjá agbára àwọn ni. Láti oṣù kejì ọdún 2025 ni Amazon sì ti dí ọ̀nà téèyàn fi ń wa ìwé tó rà sórí kọ̀ǹpútà, kó tó fi wáyà gbé e sínú Kindle.

"Kobo ni ká mú nìyẹn."

Mo ní kó rọra. Lóòótọ́, ilẹ̀kùn Kobo fẹ̀ díẹ̀: ìwé EPUB tó o bá rí níbikíbi tí kò ní àgádágodo á wọ ibẹ̀ tààrà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìwé tí Kobo fúnra rẹ̀ ń tà, àgádágodo wà lẹ́nu wọn. Àwọn méjèèjì ló sì jẹ́ ẹlẹgẹ́. Nígbà tí àjọ Worldreader kó Kindle lọ sí àwọn ilé ìwé ní Gánà láti ọdún 2010, nǹkan bí 40 nínú 100 ló bàjẹ́. Ọmọ tó ń gun ọ̀kadà lọ sílé ìwé pẹ̀lú báàgì tó wú gbọnrangandan, àfi kó ṣọ́ra.

"Ìwé wo gan-an lo fẹ́ máa kà nínú rẹ̀?"

Ìbéèrè tó yẹ kí n kọ́kọ́ bi í nìyẹn. Ó ní ìwé ẹ̀yà ara ni, PDF tí gbogbo kíláàsì ń pín fún ara wọn. Mo wọlé lọ mú ẹ̀rọ àtijọ́ tèmi jáde (n kò ní dárúkọ ẹni tó ṣe é), èyí tó jẹ́ pé ní gbogbo ibi tí àmì ohùn bá ti gun lẹ́tà ẹ lórí nínú ìwé Yorùbá, àpótí kékeré tó ṣófo ló ń fi síbẹ̀. A gbé ìwé rẹ̀ sínú rẹ̀, a sì ṣí ojú ewé tí wọ́n ya ọkàn sí. Lẹ́tà wẹ́wẹ́ bí èèrà. A fẹ̀ ẹ́, ìdajì ọ̀rọ̀ bọ́ síta. Lórí fóònù rẹ̀, iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde látinú ọkàn lọ sí ara jẹ́ pupa, èyí tó ń gbé e padà jẹ́ búlúù. Lórí ẹ̀rọ mi, eérú ni àwọn méjèèjì.

Àwọn aláwọ̀ ti dé láti 2024, Kindle Colorsoft àti Kobo Libra Colour, ṣùgbọ́n àwọ̀ wọn ṣá bí àdìrẹ tó ti rí omi púpọ̀. Àwọn méjì tí ọmọ yìí ń fi hàn mí kò tilẹ̀ sí lára wọn.

Kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Ó wá gbé fóònù sẹ́nu, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí London: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rà á o." Lẹ́yìn náà ló gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ mi, ó ń fẹ àwòrán ọkàn náà, ó ń fẹ̀ ẹ́, títí iṣan kan ṣoṣo fi gba gbogbo ojú ẹ̀rọ. Kò sì lè sọ fún mi bóyá àlọ ni tàbí àbọ̀.