Àsọọ́lẹ̀ Rẹ Ńkọ́? Ṣé Ó Ṣì Bá Ipò Rẹ Mu?

 

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú Ìsìláàmù, lọ́kùnrin lóbìnrin, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lóṣù yìí jẹ́ èyí tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ rò pé ti àwọn àgbà ni. Ọ̀rọ̀ àsọọ́lẹ̀ ni, èyí tí Lárúbáwá ń pè ní wasiyyah. Bí a bá dárúkọ rẹ̀, ẹlòmíràn á ní, "Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́! Ṣé kí n fi ọwọ́ ara mi pe ikú ni?" Ẹlòmíràn á ní, "Kí ni mo ní tí mo fẹ́ kọ?" Ikú kò dọ́jọ́, àrùn kò dóṣù. Ìwé kì í pa ènìyàn. Ẹni tí kò kọ́lé lè ní ọ̀kadà, ẹ̀rọ ìránṣọ, owó àjọ, tàbí ilẹ̀ tí ó ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó sì lè jẹ gbèsè tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀.

Nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá láti ọ̀dọ̀ Abdullahi ọmọ Umar, Ànọ́bì (SAW) jẹ́ kí á mọ̀ pé kò tọ́ fún Mùsùlùmí tí ó ní ohun tí ó fẹ́ sọ àsọọ́lẹ̀ lé lórí kí ó sun òru méjì láìjẹ́ pé àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ibn Umar ní láti ọjọ́ tí òun ti gbọ́ ọ, òun kò sun òru kan láìní àsọọ́lẹ̀ òun lọ́dọ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé ọ̀dọ́ ni Ibn Umar nígbà ayé Ànọ́bì. Ọmọ ọdún 14 péré ni nígbà ogun Uhud. Kò dúró dìgbà tí irun rẹ̀ funfun.

Ṣùgbọ́n kíkọ nìkan kọ́. Ẹ wo Sa'd ọmọ Abu Waqqas. Ó ṣàìsàn ní Mákà ní ìgbà Háájì Ìdágbére, ọdún kẹwàá Hijira (632). Olówó ni, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni ó sì bí nígbà náà. Ó fẹ́ fi ìdá méjì nínú mẹ́ta owó rẹ̀ ṣe sàráà, Ànọ́bì kọ̀. Ó ní ìdajì ńkọ́, Ànọ́bì kọ̀. Ìdá kan nínú mẹ́ta ni ó gbà fún un, ó sì ní èyí gan-an pọ̀. Ó sàn kí ènìyàn fi àwọn ajogún rẹ̀ sílẹ̀ nínú ọrọ̀ ju kí wọ́n máa tọrọ lọ́wọ́ ènìyàn lọ. Sa'd rò pé ikú dé. Ọlọ́hun wò ó sàn, ó lo ohun tí ó lé ní 40 ọdún sí i, ó sì bí ọmọ púpọ̀. Ìwé tí ó bá kọ lọ́jọ́ àìsàn yẹn, tí kò sì tún un wò mọ́, ọmọ kan ṣoṣo ni ì bá mọ̀.

Àsọọ́lẹ̀ ní ààlà. Lẹ́yìn ìnáwó ìsìnkú, gbèsè ni a ó kọ́kọ́ san, kí á tó kan àsọọ́lẹ̀ tí kò ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, kí á tó wá pín ogún. Kò sí àsọọ́lẹ̀ fún ajogún, àfi bí àwọn ajogún yòókù bá yọ̀ǹda. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀nà láti fi tún ìpín tí Ọlọ́hun ti pín nínú Suratun-Nisai, áàyà 11 àti 12, pín.

Ìgbà wo ni ó yẹ kí á tún ìwé wa wò?

Èkíní, nígbà tí ẹni tí yóò jogún bá yí padà: ìgbéyàwó, ọmọ bíbí, ìkọ̀sílẹ̀, ikú. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí bàbá rẹ̀ ti kú, tí kò ì tí ì bímọ, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ìyá ọmọ bàbá, jẹ́ ajogún rẹ̀. Kò lè sọ àsọọ́lẹ̀ fún un. Bí ó bá bí ọmọkùnrin, àbúrò bọ́ sí ẹ̀yìn. Àsọọ́lẹ̀ wá tọ́ sí i. Bí ọmọ náà bá ṣáájú rẹ̀ kú, àbúrò padà di ajogún. Ọjọ́ ikú ni àwọn àáfà fi ń mọ ajogún, kì í ṣe ọjọ́ tí a kọ ìwé.

Èkejì, bí ọmọ ẹni bá kú tí ó fi ọmọ sílẹ̀. Ọmọ-ọmọ kì í jogún bàbá àgbà nígbà tí arákùnrin bàbá rẹ̀ bá wà láàyè. Ẹ rán àwọn bàbá wa létí pé inú ìdá kan nínú mẹ́ta yẹn ni wọ́n ti lè rántí ọmọ òrukàn.

Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ òbí tí kì í ṣe Mùsùlùmí, èyí tí ó wọ́pọ̀ nínú ilé Yorùbá. Ìyá rẹ tí ó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì kò lè jogún rẹ, ṣùgbọ́n o lè sọ àsọọ́lẹ̀ fún un. Bí ó bá wá gba Ìsìláàmù, ó di ajogún, ìwé gbọ́dọ̀ yí padà.

Ẹ̀kẹrin, gbèsè àti ohun ìfipamọ́. Kọ èyí tuntun, pa èyí tí o ti san rẹ́, kí àwọn ọmọ rẹ má baà san án lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹni tí o fi àsọọ́lẹ̀ lé lọ́wọ́ bá kú tàbí tí ó kó lọ sí ìdálẹ̀, fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀.

Má sì gbára lé orúkọ tí o kọ sínú fọ́ọ̀mù báńkì pé òun ni ìbátan rẹ tí ó sún mọ́ ọ jù. Ẹni tí wọn yóò ránṣẹ́ sí ni, kì í ṣe ẹni tí owó di tirẹ̀.

Ohun tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí kò kéré. Bí Mùsùlùmí bá kú ní ilẹ̀ Yorùbá láìkọ nǹkan kan, àṣà ni mọ̀lẹ́bí sábà máa ń fi pín in: ìdí-igi tàbí orí-ò-jorí. Nínú méjèèjì, ìyàwó kò ní ìpín tirẹ̀. Bí ọmọ bá sì wà, ìyá olóògbé kò ní. Bẹ́ẹ̀, níbi tí ọmọ wà, Ọlọ́hun fún ìyàwó ní ìdá kan nínú mẹ́jọ, Ó sì fún ìyá ní ìdá kan nínú mẹ́fà. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, abala 277, gbé ọ̀rọ̀ àsọọ́lẹ̀ àti ogún Mùsùlùmí fún kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Ṣàríà, irú èyí tí ó wà ní Ìlọrin. Ìpínlẹ̀ mẹ́fà tí ó wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn kò ní irú rẹ̀. Nítorí náà, kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún rẹ kedere pé ìlànà Ìsìláàmù ni kí wọ́n fi pín ogún rẹ. Kí lọ́yà àti àáfà tí ó mọ ìmọ̀ ogún jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Kọ ọjọ́ sí i, fọwọ́ sí i lójú ẹlẹ́rìí méjì tí kò ní ìpín nínú rẹ̀, kí àwọn náà fọwọ́ sí i lójú rẹ. Ya ti àtijọ́ dànù, kí ìwé méjì má baà di ìjà.

Ìwọ arábìnrin, tìrẹ náà ni ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí o fi òwò rẹ kó jọ, tìrẹ ni. Ọkọ rẹ kì í jogún gbogbo rẹ̀: ìdajì ni bí o kò bá ní ọmọ, ìdá kan nínú mẹ́rin ni bí o bá ní.

Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀mí bá wà, o lè yí àsọọ́lẹ̀ rẹ padà. Bí ẹ̀mí bá ti bọ́, ẹni tí ó bá yí i padà lẹ́yìn rẹ ni ó ru ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Suratul-Baqarah, áàyà 181, ti kọ́ wa. Ọjọ́ tí o bá ń ṣírò sàká rẹ lọ́dọọdún, mú ìwé náà jáde, kà á láti òkè dé ilẹ̀. Bí ó bá bá ipò rẹ mu, dá a padà sí àyè rẹ̀, kí o sì jẹ́ kí ará ilé rẹ mọ ibẹ̀.

Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí ohun tí a kó jọ di ìjà láàárín ọmọ wa. Kí Ó fi ikú rere pa wá nígbà tí ọjọ́ bá tó. Àmín.