Ta Ni Ó Jẹ Gbèsè Orin?

Nígbà tí Stan Getz àti Charlie Byrd gbé àwo Jazz Samba jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1962, bossa nova, orin àwọn ará Rio de Janeiro, di ọjà ńlá lọ́wọ́ àwọn olórin jáàsì. Ìbéèrè tí èyí gbé dìde kò jìnnà sí wa: bí àlejò bá mú orin onílé lọ, kí ni ó jẹ onílé?

Ẹ jẹ́ kí a wo Babátúndé Ọlátúnjí, ọmọ Àjídò nítòsí Àgbádárìgì, tí ó lọ kàwé ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1950. Àwo rẹ̀, Drums of Passion, jáde lọ́dún 1960. John Coltrane gbọ́ ìlù rẹ̀, ó sì sọ orin kan ní "Tunji" lọ́dún 1962. Ó ń fi owó ran ilé àṣà tí Ọlátúnjí dá sílẹ̀ ní Harlem lọ́wọ́; ibẹ̀ ni ó ti ṣeré ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 1967, kò sì tó oṣù mẹ́ta sí i tí ọlọ́jọ́ fi dé. Ní ti Serge Gainsbourg ará Faransé, "Akiwowo" inú àwo kan náà ni ó sọ di "New York USA" lọ́dún 1964, kò sì dárúkọ Ọlátúnjí.

Àwọn méjèèjì ni ó mú nǹkan. Èé ṣe tí a fi ń pe ọ̀kan ní ọ̀rẹ́, tí a ń pe èkejì ní olè? Bí mo bá bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, owó ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ọmọdé tí ó bá pòwe níwájú àgbà a ní "tótó ó ṣe bí òwe." Gbólóhùn yẹn kò san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó jẹ́wọ́ pé ọ̀rọ̀ náà ní onínǹkan.

Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀ o. Orin Ṣàngó wà nínú àwo Ọlátúnjí pẹ̀lú, àwọn adóṣù tí ó kọ́kọ́ dá irú rẹ̀ kò sì ní orúkọ nínú ìwé kankan. Gbèsè wà lọ́rùn òun náà. Lójú tèmi, ìlù tí ó fi kọ́ àwọn ọmọ Harlem ni ó fi san díẹ̀ nínú rẹ̀.

Ọ̀ràn yìí kan àwa ọ̀mọ̀wé. A ń gbé ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ wọ ilé àwọn onílù ní Ṣúpárè Àkókó, a ń fi ohùn wọn gba oyè. Bí a bá wá kọ "abẹ́nà ìmọ̀ kan" síbi tí ó yẹ kí orúkọ onílù wà, ọ̀dọ̀ Gainsbourg ni a jókòó sí.