Ọlọ́run Kò Gbàgbé Ọgbà Nábótì

  

Nínú àwọn ìwé ẹ̀bẹ̀ tí ẹ ń mú wá síwájú pẹpẹ, ẹkún ẹni tí wọ́n ń ni lára pọ̀ jọjọ. Wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan. Wọ́n kó ẹrù opó kan síta nínú òjò. Ọ̀gá ẹnì kan kò san owó oṣù. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń béèrè: “Bàbá, ṣé Ọlọ́run kàn ń wò wọ́n ni?”

Olúwa wa ti dáhùn lórí òkè, nínú Mátíù 5, ẹsẹ 5, níbi tí ó ti fi ayé ṣe ogún fún àwọn ọlọ́kàn tútù. Dáfídì ti sọ ọ́ ṣáájú nínú Sáàmù 37. Ó ní òun rí ìkà tí ó tàn káàkiri bí igi tútù. Ṣùgbọ́n nígbà tí òun tún padà wò, a kò rí i mọ́.

Púpọ̀ nínú wa ń ṣi ọ̀rọ̀ ‘ọlọ́kàn tútù’ lò. A rò pé dìndìnrìn tí a gbá létí tí kò lè sọ̀rọ̀ ni. Ó tì o! Ìwé Númérì 12 sọ pé kò sí ẹni tí ó tutù tó Mósè láyé. Mósè yìí kan náà ni ó dúró níwájú Fáráò láìgbọ̀n. Ọlọ́kàn tútù ni ẹni tí ó ní agbára, tí ó sì fi ìjánu agbára náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí 21. Áhábù fẹ́ ọgbà Nábótì. Jésébẹ́lì aya rẹ̀ kò gbé àdá. Ìwé ni ó kọ, ó lu èdìdì ọba sí i, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn àgbà ìlú. Wọ́n kéde àwẹ̀, wọ́n wá ẹlẹ́rìí èké méjì, wọ́n sì sọ Nábótì lókùúta pa. Ẹ ṣàkíyèsí o: ìwé wà níbẹ̀, àgbà ìlú wà níbẹ̀, àwẹ̀ pàápàá wà níbẹ̀. Òdodo ni kò sí níbẹ̀.

Àwa tí a ń gbé Èkó kò nílò ògbufọ̀ fún ìtàn yìí. Ta ni kò mọ ọmọ onílẹ̀ tí ó gba owó ìpìlẹ̀, tí ó gba owó dẹ́kìn, tí ó tún padà dé nígbà tí a fẹ́ kan páànù? Wọ́n ta ilẹ̀ kan fún ẹni mẹ́ta. Ó burú tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi ṣe òfin ní 2016, pé ẹni tí ó bá fi ipá gba ilẹ̀ tàbí ilé onílé lè ṣe ẹ̀wọ̀n ọdún 10.

Àwọn aláṣẹ náà a sì máa ṣe é. Ní oṣù keje ọdún 1990, ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn ará Maroko ní ọjọ́ méje péré láti kó jáde. Nígbà tí ọjọ́ pé, katakata wọlé. A gbọ́ pé nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni ó di aláìnílé. Àwọn díẹ̀ ni ìjọba wá ilé mìíràn fún. Lónìí, ilé àwọn olówó ni ó wà lórí ilẹ̀ náà.

A kò ní parọ́ fún yín. Nábótì kò jíǹde wá gba ọgbà rẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ fún yín pé àdúrà ọjọ́ méje ti tó láti rí ìṣubú gbogbo aninilára, kò tíì ka Bíbélì dé ìdí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí Áhábù sọ̀ kalẹ̀ lọ gba ọgbà tuntun rẹ̀, Èlíjà ni ó bá níbẹ̀! Ọlọ́run ní ẹlẹ́rìí tí Jésébẹ́lì kò lè fi owó rà. Áhábù rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, Ọlọ́run sì sún ìyà síwájú. Síbẹ̀, nígbà tí ogun Rámótì-Gílíádì pa á, ajá lá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹjọ́ náà kò sọnù.

Àwa Aládùúrà ti tọ́ ọ wò. Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tí ó ń wa katakata tí a fi ń tẹ ọ̀nà nígbà tí Ọlọ́run pè é ní 1928, tí ìsọjí rẹ̀ ní Òkè Oòyè, Iléṣà, ní 1930 mi ilẹ̀ Yorùbá tìtì, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin ní 1932, láyé ìjọba òyìnbó. Ó ṣe ẹ̀wọ̀n náà tán, ó jáde, ó sì ń bá iṣẹ́ Olúwa lọ títí ó fi sùn ní 1959. Ta ni ó ń dárúkọ adájọ́ náà lónìí? Ṣùgbọ́n ní Ìkẹ́jì-Arákeji, níbi tí Ọlọ́run ti pe Babalọlá, yunifásítì tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti 2006.

Àwa náà ní tiwa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìjọ yìí, àwọn kan wá fi àgádágodo ti ilé àdúrà wa, wọ́n ní ẹni tí ó ta ilẹ̀ fún wa kò ní ẹ̀tọ́. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ já a. Àwọn mìíràn ní kí a tan àbẹ́là méje, kí a máa ka Sáàmù 109 lé wọn lórí ní òru. Ìyá Ìjọ wa ìgbà náà ni ó dá wa lóhùn: “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kà á o, ṣùgbọ́n ẹ kà á dé òpin. Ta ni ẹ bá níbẹ̀, ní ọwọ́ ọ̀tún tálákà?” Ẹnu wa wọhò. Ọlọ́run fúnra Rẹ̀ ni ó wà níbẹ̀.

A ń jọ́sìn lábẹ́ àtíbàbà. A gbààwẹ̀, a kó rìsíìtì wa lọ bá àwọn àgbà àdúgbò, a sì dé kóòtù. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ọ̀kan nínú àwọn tí ó tì í ni ó gbé ọmọ rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá wá fún wa. A fi omi àdúrà wẹ̀ ẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ikú bàbá náà ni a ti ń gbà ládùúrà, ojú wo ni à bá fi gba ọmọ náà?

Nítorí náà, ẹni tí wọ́n ń ni lára kò gbọ́dọ̀ dákẹ́. Opó inú Lúùkù 18 kò dákẹ́. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, títí adájọ́ fi ṣe ẹ̀tọ́. Ẹ gbàdúrà, ẹ tọ́jú ìwé yín, ẹ wá ẹlẹ́rìí òtítọ́, ẹ lọ sí kóòtù. Ẹ̀san nìkan ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run, gẹ́gẹ́ bí Róòmù 12 ti kọ́ wa.

Ọ̀rọ̀ kù o. Ó rọrùn láti pariwo “Ọlọ́run, dá aninilára lẹ́jọ́!” Bí Ó bá dáhùn lónìí, ilé ta ni yóò kọ́kọ́ yà? Ìwọ tí o fi tòmátì tó ti bàjẹ́ sí ìdí apẹ̀rẹ̀ ní Mile 12, tí o to èyí tó dára sókè, Jésébẹ́lì náà to nǹkan bẹ́ẹ̀. Ìwọ onílé tí o ń gba owó ọdún méjì lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, òfin ilé yíyá tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 ní kí o má ṣe gbà ju ti ọdún kan lọ. Ẹ̀yin ìyá wa tí ọmọ ọ̀dọ̀ yín ń sùn láìjẹun nígbà tí ẹ wà ní ìṣọ́ òru, ẹ ka Àìsáyà 58. Àwẹ̀ tí Ọlọ́run yàn wà níbẹ̀.

Kí ọdún tuntun ìjọ wa yìí tó jìnnà, ẹni tí ó bá gba ohun olóhun, kí ó dá a padà. Ẹni tí wọ́n gba tirẹ̀, kí ó má ṣe sọ ọkàn rẹ̀ di kíkorò. Baba tí ó ń gba ẹjọ́ opó rò yóò gba tiwa rò. Kò ní jẹ́ kí a di Áhábù fún ẹnikẹ́ni, kò sì ní fi wá lé Jésébẹ́lì lọ́wọ́. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín, Àṣẹ. Halelúyà!